Iwin Márùn-ún ní Sítọ́ọ̀ Challenge

Nimotallahi kò ga. Bó bá jókòó nídìí tábìlì rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ni ẹni tó ń wọlé máa rí, àti bírò tó máa ń fi há ìbòrí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tó wọ sítọ́ọ̀ wa tàbí tó jáde níbẹ̀ tí kò mọ̀.

Challenge, ní Ìbàdàn, ni sítọ́ọ̀ náà wà. Ohun èlò omi là ń tà: páìpù, ẹ́líbò tó ń so páìpù níbi tó ti yà, ẹnu ẹ̀rọ, tánkì. Alhaja Mùsílímátù ló ni ín. Nimotallahi ni ìyàwó àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, òun náà sì ni sítọ́ọ̀kípà. Èmi ni mo ń ka ẹrù lẹ́nu ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń ṣàmì sára ògiri: ìlà mẹ́rin ní òró, ìkarùn-ún ní ìbú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Oníṣọ́ọ̀kì. Mo fi ọdún méjì ju Alhaja lọ. Láti ọdún 2009 ni mo ti wà níbẹ̀.

Ṣakí ni wọ́n bí Nimotallahi sí, ní ọdún 1986. Bàbá rẹ̀ ló ń wọn àgbàdo fún àwọn oníṣòwò tó ń kó o lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń wọn àpò kan. Bí ìwọ̀n àkọ́kọ́ àti èkejì kò bá dọ́gba, á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Nimotallahi sọ fún mi pé òun kò mọ ilé mìíràn tí wọ́n ti ń ka ẹran inú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ka ìwé ní Pólì. Bó ti parí, ó rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì kan ní Agbowó. Ibẹ̀ ni ọmọ Alhaja gbé ìwé àṣekágbá rẹ̀ wá kí wọ́n bá a dì í. Ojú ìwé mọ́kànlélọ́gọ́rin ló yẹ kó jẹ́. Nimotallahi ṣí i wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú ìwé kẹtàdínlógún kò sí níbẹ̀."

Ọmọkùnrin náà padà lọ mú un wá. Ní ọjọ́ kejì ó tún padà wá, kò mú ìwé kankan dání.

Wọ́n ṣe yìgì ní ọdún 2011. Àkóbọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì títí di òní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀ níbí.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ìyókù tó yé ènìyàn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tí wọ́n ti bí nínú ilé kó tó dé. Bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó, ọkọ rẹ̀ ni. Bó jẹ́ obìnrin, ọkọ rẹ̀ náà ni. Ìyàwó gbọ́dọ̀ wá orúkọ tirẹ̀ fún un. Àwọn ìyàwó ìwòyí, "Bọ̀ọ̀dá" àti "Àǹtí" ni wọ́n fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Nimotallahi kò bò ó. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi wo àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ márààrún. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó sọ wọ́n lórúkọ.

Suhail ga, aṣọ yẹ ẹ́: Agùntáṣọọ́lò. Abdulhafeez kì í yé rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun: Eyínfúnjowó. Latifah ni Ìdílẹ̀kẹ̀. Shukurat rí tẹ́ẹ́rẹ́: Òpéléńgé. Àbíkẹ́yìn wọn, Abdulqoyum, máa ń fi bírò mẹ́ta sí àpò àyà, kì í sì í fẹ́ kọ nǹkan kan. Ó pe ìyẹn ní Akọ̀wé.

Inú Alhaja dùn. Ó ní òun ti ní ìyàwó.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, Alhaja fi í sí sítọ́ọ̀. Àwọn àbúrò ọkọ márààrún náà wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún. Àwọn ló ń kó ẹrù lọ fún oníbàárà. Nimotallahi á kọ ohun tí wọ́n kó, á kọ ẹni tó kó o. Ní ọdún 2014, ó rí i pé páálí ẹ́líbò tí wọ́n kọ ọgọ́rùn-ún sí lára, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Páálí mẹ́tàdínlógójì ló kà kó tó sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe é wá tọrọ àforíjì. Wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan wá. Nimotallahi wọn ìrẹsì náà. Ó pé.

Luke dé ní oṣù Kejì ọdún 2017. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ń ṣe ní Bódìjà ló ń tà kiri. Àká ni wọ́n ń pè é. Ó ní gbogbo ìwé ńlá Nimotallahi á wọnú kọ̀ǹpútà, àyè á sì ṣẹ́ kù. Nimotallahi ní kó jókòó.

"Ẹ dárúkọ àwọn tó ń kó ẹrù jáde, mà," Luke wí.

"Agùntáṣọọ́lò."

Luke gbójú sókè. "Ṣé orúkọ rẹ̀ nìyẹn?"

"Orúkọ tí mo ń pè é ni. Ìwọ sáà tẹ̀ ẹ́."

"Kò sí wàhálà, mà. Ohun tí ẹ bá ti sọ ni Àká ń gbà. Àwọn kan wà ní Ring Road níbẹ̀ yẹn, bí ẹ ò bá mú orúkọ méjì àti fọ́tò wá, tiwọn ò ní dá yín lóhùn."

Àwọn tó ń bú yẹn ni Gbàgede, sọ́fítíwíà mìíràn tó ń bá Àká díje. Islamiat ló ń bá wọn tà á kiri. Láàárín ọdún méjì, kò sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan láti Dùgbẹ̀ dé Challenge tí àwọn méjèèjì kò dé. Bí Luke bá pín fìlà, Islamiat á pín agbòjò. Bí Islamiat bá pín kàlẹ́ńdà, Luke á pín èyí tó ní àwòrán ju tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan wà tí mo ka sítíkà láti ẹnu ọ̀nà wa dé Ring Road. Ti Àká jẹ́ mẹ́tàlélógún, ti Gbàgede mọ́kàndínlógún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ti Gbàgede di méjìlélógójì. Mẹ́tàlélógún nínú wọn wà lórí ti Àká.

Wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà wa nígbà kan.

"Luke, ṣé ẹ ṣì ń ta àká yẹn? Eku ò tíì jẹ ẹ́ tán?"

"Islamiat, ẹ̀yin tí ẹ ń ta gbàgede, òjò ń bọ̀. Ẹ lọ wá páànù."

Mo bu omi fún àwọn méjèèjì. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Alhaja ṣí sítọ́ọ̀ kejì sí Ìwó Road. Ó fi Abdulqoyum síbẹ̀ ṣe sítọ́ọ̀kípà. Abdulqoyum ní òun ò lè lo ohun tí ìyàwó òun ń lò. Ó mú Gbàgede. Ó fẹ́ràn pé fọ́tò ń bẹ nínú rẹ̀.

"Ẹ lo èyí tó bá wù yín," Alhaja wí. "Kí tánkì sáà máa dé."

Àgbàlá Ìwó Road fẹ̀ ju tiwa. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe tánkì ń já a sí. Abdulqoyum fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ọkọ̀ gbé tiwa wá sí Challenge. Bó bá gbé e kúrò, Gbàgede á kọ ọ́ pé tánkì wà lójú ọ̀nà. Á máa retí kí Gbàgede ti ọ̀dọ̀ wa sọ pé ó ti dé. A kò ní Gbàgede. Àká la ní. Nimotallahi á kọ ọ́ sínú Àká pé Akọ̀wé gbé tánkì dé, iye báyìí, ọjọ́ báyìí. Gbàgede kò gbọ́. Luke ní Gbàgede ni kò fẹ́ gbọ́. Islamiat ní Àká ni kò fẹ́ sọ. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Kò sí ẹni tó wo ohun tí Gbàgede ń kó jọ sójú ọ̀nà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ ńlá kan láti Èkó ra Àká. Ní oṣù Keje, ó ra Gbàgede. Èmi kò mọ̀. Ní ọjọ́ Ajé kan ní oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ kan dúró níwájú wa. Luke jáde ní apá ọ̀tún, Islamiat jáde ní apá òsì. Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan náà ni wọ́n wọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Oníṣọ́ọ̀kì." Wọ́n wí i pọ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín? Ta ló fẹ́ ta?"

"Èkó ló fẹ́ àwa méjèèjì, Bàbá," Luke wí.

"Kò tilẹ̀ ṣe ìdáná," Islamiat wí.

Lẹ́tà ni wọ́n mú wá. Lẹ́tà náà ní inú wọn dùn, ó ní nǹkan kan kò ní yí padà. Lẹ́tà kejì dé ní oṣù Kẹwàá. Ìyẹn ní Àká àti Gbàgede yóò dákẹ́ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá. Ẹ̀rọ Èkó kan ṣoṣo ni gbogbo oníbàárà máa lò. Ẹnì kan, àyè kan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ènìyàn tí kò bá ní káàdì ìdánimọ̀ kò ní àyè.

Alhaja pe Nimotallahi àti Abdulqoyum. Ó jókòó sórí àga onírọ́bà rẹ̀ lábẹ́ páànù iwájú sítọ́ọ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

"Sọ́fítíwíà méjì ti di ọ̀kan," ó ní. "Sítọ́ọ̀kípà méjì wá ń ṣe kí ni? Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá wọ ẹ̀rọ tuntun yìí láìní àbùkù, òun ni olórí sítọ́ọ̀ méjèèjì. Ẹnì kejì á dúró sí káńtà, á máa dá oníbàárà lóhùn."

Kò fi ti ọmọ ṣe, kò fi ti ìyàwó ṣe. Bí Alhaja ṣe rí nìyẹn.

Nimotallahi wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Bàbá, ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nídìí tábìlì yẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Bí wọ́n bá gbé mi lọ sí káńtà, mo parí nìyẹn."

Mo sọ fún un pé ìwé rẹ̀ dára ju ti gbogbo wọn lọ. Òótọ́ ni mo sọ.

Abdulqoyum ò jẹ́ kó sinmi. Ojoojúmọ́ ló ń pè é lórí fóònù. Nimotallahi á gbé e sórí tábìlì kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè kọ̀wé, gbogbo wa á sì máa gbọ́.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí oníbàárà? Ẹ kọ́kọ́ fi eyín hàn."

"Akọ̀wé, ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan."

"Fọ́tò gbogbo ènìyàn ló wà nínú tèmi o."

"Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri, ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà Islamiat."

Ó ka gbogbo sítọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà á. Mo bá a gbé àkàbà. Ohun tó wà nílẹ̀ àti ohun tó wà nínú Àká kò fi ẹyọ kan yàtọ̀ síra. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kọkànlá, Luke fi ìwé tiwa ránṣẹ́ sí Èkó. Ní ọjọ́ kan náà, Islamiat fi ti Ìwó Road ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, ni Èkó rán ènìyàn wá. Ìrẹ̀mídé ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí Alhaja, ó sì ti ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kó tó dìde tán. Luke àti Islamiat dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ búlúù wọn. Abdulqoyum ti wá láti Ìwó Road, ó wọ bàtà tuntun. Nimotallahi jókòó sórí páálí ẹ́líbò.

"Alhaja, ìṣòro méjì la rí," Ìrẹ̀mídé wí. "Ọ̀kan wà ní Challenge níbí. Àwọn ènìyàn márùn-ún kan wà tó ń kó ẹrù jáde. Wọn ò ní nọ́ńbà fóònù, wọn ò ní káàdì, wọn ò ní fọ́tò. Ìgbà 1,846 ni wọ́n ti kó ẹrù. Irú wọn, òṣìṣẹ́ iwin là ń pè wọ́n."

"Iwin ló ń kó páìpù mi?"

"Ohun tí ìwé wí nìyẹn, mà."

"Kí ni iwin ń fi ẹ́líbò ṣe?"

Abdulqoyum rẹ́rìn-ín. Nimotallahi kò rín.

Ìrẹ̀mídé kọjú sí i. "Àǹtí, ta ni Agùntáṣọọ́lò?"

"Ọkọ mi ni."

"Eyínfúnjowó ńkọ́?"

"Ọkọ mi ni òun náà."

"Ìdílẹ̀kẹ̀?"

"Ọkọ mi ni."

"Ọkọ mẹ́ta?"

"Márààrún ni. Obìnrin ni méjì nínú wọn. Èyí tó fẹ́ mi gan-an wà ní Sẹkitéríàtì."

Ìrẹ̀mídé bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti yé mi. Ìyá mi náà ń pe àbúrò bàbá mi ní Adúmáadán. Ọkùnrin yẹn ti ní ọmọ-ọmọ, Adúmáadán náà ni títí di òní. Mo mọ̀ ọ́n, Àǹtí. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀ ọ́n."

"Ìkejì ńkọ́?" Alhaja bi í.

"Ìkejì wà ní Ìwó Road, mà. Igba tánkì ó lé mẹ́rìnlá ló kúrò níbẹ̀, wọn ò tíì dé ibì kankan. Ojú ọ̀nà ni wọ́n wà. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ti wà lójú ọ̀nà láti oṣù Karùn-ún ọdún 2019."

Alhaja dá tẹ̀súbáà dúró. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Abdulqoyum, ọ̀nà wo?"

Abdulqoyum kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Màámi, ibí ni mo gbé wọn wá. Ibí gan-an."

"Ta ló gbà wọ́n?"

"Ìyàwó wa ni."

"Ìyàwó mi, ṣé o gbà wọ́n?"

"Mo gbà wọ́n, mà. Ó wà nínú ìwé, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ló gbé wọn wá."

Ìrẹ̀mídé wo láptọ́ọ̀pù rẹ̀. "Akọ̀wé wà lára àwọn iwin náà, mà."

Luke àti Islamiat wo ara wọn. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ti hàn sí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, títí kan èmi tí mi ò ka ìwé kọjá pírámárì mẹ́ta.

"Kò le rárá," Ìrẹ̀mídé wí. "Àǹtí, ẹ fi pásíwọọ̀dù yín wọlé, kí ẹ kọ orúkọ tó wà lórí káàdì wọn síbẹ̀. Àwọn iwin á di ènìyàn, tánkì á sì dé. Èmi ò lè bá yín kọ ọ́. Ẹni tó ni ìwé tàbí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Nimotallahi gbé láptọ́ọ̀pù sórí ẹsẹ̀. Ó tẹ pásíwọọ̀dù rẹ̀. Ó na ìka sí lẹ́tà S. Ó ká ìka náà kò.

"Mi ò tíì pè wọ́n rí," ó ní.

"Ẹ ò ní pè wọ́n, Àǹtí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ni."

"Orúkọ tí mo bá kọ, mo ti pè é. Gbogbo ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ yìí láti òní lọ, èmi ló máa bá lẹ́nu rẹ̀."

Abdulqoyum kúrò níbi tó wà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tánkì ti wọ̀ ọ́ lára.

"Ìyàwó wa, mo yọ̀ǹda. Ẹ pè mí. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹwàá."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa yọ̀ǹda, Akọ̀wé. Mi ò lè jókòó síwájú ìyá yín kí n máa pe orúkọ ọmọ wọn. Bó bá jẹ́ èyí ló máa gbé mi dé káńtà, ẹ jẹ́ kó gbé mi débẹ̀."

Ó pa láptọ́ọ̀pù dé. Mo mọ ohun tó jọ̀wọ́.

Alhaja ka tẹ̀súbáà títí ó fi yí ká. Ó fi í sí àpò.

"Gbé ẹ̀rọ yẹn wá."

"Màámi, ẹ mọ̀ ọ́n tẹ̀?" Abdulqoyum bi í.

"Orúkọ wọn, ta ló sọ wọ́n?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló wá tún yẹ kó kọ ọ́?"

Ó wọ gíláàsì. Alhaja kọ́ ìwé kíkà ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà nígbà tó ti lé ní ogójì ọdún, ó sì mọ lẹ́tà dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ní wọn kò tò wọ́n sórí ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe kọ́ òun. Ìka kan ló ń lò. Nimotallahi kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Èyí ni Agùntáṣọọ́lò, mà."

"Suhail," Alhaja wí, ó sì tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà mẹ́fà. Ìṣẹ́jú méjì.

"Èyí ni Eyínfúnjowó."

"Abdulhafeez." Ìyẹn gba ìṣẹ́jú méje. Z ló sá pamọ́.

"Ta ló fi Z sí orúkọ ọmọ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Alhaja," Luke wí.

"Ká ní mo mọ̀ ni, Suhail ni gbogbo wọn ì bá máa jẹ́."

Ó tẹ Latifah. Ó tẹ Shukurat. Ó wá kan Akọ̀wé. Ó pe Abdulqoyum, ó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà mẹ́wàá, Ìrẹ̀mídé sì fi ibi tó máa tẹ̀ kẹ́yìn hàn án. Ẹ̀rọ náà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, tánkì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Islamiat ń pe nọ́ńbà tó kù lójú ọ̀nà: igba, àádọ́jọ, ọgọ́rin, mẹ́tàlélógún, méje. Abdulqoyum nu ojú.

"Ọ̀kan," Islamiat wí. Ó dúró. "Ọ̀kan kù."

"Ọ̀kan dà?" Alhaja bi í.

Abdulqoyum ń wo àjà páànù. Èmi mọ ibi tó wà. Igba ó lé mẹ́tàlá ni mo fi ṣọ́ọ̀kì ṣàmì sí. Ṣùgbọ́n wọn kò bi mí.

Luke ti ṣí Àká lórí kọ̀ǹpútà Nimotallahi. Àyè kan wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù. Ó kà á sókè: "Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Akọ̀wé kó tánkì mẹ́sàn-án ní Ìwó Road, mẹ́jọ ló dé. Ọ̀kan já bọ́ ní Tóògéètì, ó là. Akọ̀wé bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Alhaja. Mi ò sọ."

"Ìyàwó wa!" Abdulqoyum fò sókè. "Ẹ̀yin lẹ ní kíkọ àti pípè, ọ̀kan náà ni!"

"Orúkọ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, Akọ̀wé. Mi ò sọ tánkì."

"Tánkì tó là náà wá dà?" Alhaja bi í.

Èmi ni mo dáhùn. "Inú rẹ̀ ni adìẹ yín ń sùn, Alhaja."

"Èyí tí Abdulqoyum ní wọ́n fi ta mí lọ́rẹ? Láti ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é?"

Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìrẹ̀mídé bá a mú un.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Ìwé méjèèjì ló ní àbùkù. Iwin wà nínú ọ̀kan, tánkì sọnù nínú ìkejì. Ṣùgbọ́n ìwé tó ní iwin ló wá tánkì rí. Ẹni tó kọ èyí tó dára, tó sì kọ èyí tí kò dára, òun ni mo fẹ́ kó mú kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó mi, dìde nílẹ̀."

Nimotallahi kò dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ohun tí obìnrin kì í ṣe. Ó ní òun ò mọ ìgbà tí òun ṣe é.

Abdulqoyum lọ sí káńtà ní oṣù Kìíní. Ẹnu rẹ̀ dùn, eyín rẹ̀ kò gbẹ́yìn, àwọn oníṣẹ́ omi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ká ní òun ti mọ̀ pé káńtà dùn tó báyìí ni, òun ì bá ti fọ́ tánkì náà tẹ́lẹ̀.

Ìrẹ̀mídé wá àyè kan nínú ẹ̀rọ Èkó fún orúkọ kejì, ó sì gbé e ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Agùntáṣọọ́lò ni Nimotallahi ń rí. Kì í wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù Kejì, ilé-iṣẹ́ Èkó ní òun kò nílò ènìyàn púpọ̀ ní Ìbàdàn mọ́. Luke àti Islamiat dá aṣọ búlúù padà. Wọ́n jọ gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì ní Agbowó, wọ́n ń ṣe sọ́fítíwíà tiwọn. Wọ́n wá lẹ sítíkà rẹ̀ mọ́ ògiri wa, ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí.

"Bí Èkó bá tún wá rà á ńkọ́?" mo bi wọ́n.

"À ń retí wọn, Bàbá," Islamiat wí.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaja kan wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọdún 2003 ni wọ́n bí i, Nimotallahi kò tíì dé ilé nígbà náà. Alhaja wọ gíláàsì, ó fa láptọ́ọ̀pù mọ́ra.

"Ṣé Z wà níbẹ̀?"

"Kò sí, mà."

"Ó dáa."

Ó ti tẹ̀ ẹ́. Àyè orúkọ kejì ṣì ṣófo. Nimotallahi ti wo ọmọ náà fún ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.